Àfẹ́ẹ̀rí

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná kò sí, tí kíláàsì wa gbóná bí ìdí ààrò, olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bi wá pé: "Bí ẹ bá ní àfẹ́ẹ̀rí fún ọjọ́ kan péré, kí lẹ máa fi ṣe?"

Kò sí ẹni tí kò mọ àfẹ́ẹ̀rí nínú wa. A ti gbọ́ ọ nínú ìtàn, a sì ti rí i nínú fíìmù. Oògùn àwọn ọdẹ àti jagunjagun ni. Ọdẹ á pe ọfọ̀ rẹ̀, á pòórá mọ́ ọ̀tá lójú, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ló dúró sí. Ariwo ta. Ọ̀kan nínú wa ní òun á wọ ilé ìfowópamọ́ lọ. Ọ̀kan ní òun á lọ ka ìbéèrè WAEC kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọkọ̀ òfurufú tó máa ń fò kọjá lórí ilé wa ní Ìsọlọ̀ yìí lọ́sàn-án lóru lòun á wọ̀, òun ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ àfi ní Kánádà. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ní òun á kàn lọ gbá ìyàwó bàbá òun létí ni, òun á sì máa bọ̀ nílé. Àwa mẹ́tàlélógójì la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ní òun á fi àfẹ́ẹ̀rí tirẹ̀ gbálẹ̀ fún arúgbó.

Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín. Ó wá bi àwọn tó fẹ́ wọ ilé ìfowópamọ́ pé, "Ta ló ni owó tí ẹ fẹ́ kó?" Ẹnì kan ní ìjọba ni. Ẹlòmíràn ní àwọn olówó ni. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé wá là á mọ́lẹ̀: "Sà, kò sẹ́ni tó ni ín." Aago lù, gbogbo wa dìde. Kò dá mi lójú pé ọmọkùnrin náà mọ bí ohun tó sọ ti wúwo tó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń gbé inú mi. Ó jọ pé ó fi ọwọ́ kan ìbéèrè tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń bi ara wọn tipẹ́: kí ló ń mú ènìyàn ṣe rere níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i?

Ìbéèrè náà ti gbó lóòótọ́. Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Republic ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Nínú ìwé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Glaucon pa ìtàn darandaran kan ní ilẹ̀ Lídíà, ní apá ibi tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ilẹ̀ mì tìtì, ó lanu, darandaran náà sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, ó sì bọ́ òrùka wúrà lọ́wọ́ òkú kan tó bá níbẹ̀. Bó bá yí ojú òrùka náà sínú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò ní rí i mọ́. Bó bá yí i padà síta, wọ́n á tún rí i. Kò pẹ́ tó fi fa ojú ayaba mọ́ra, tó pa ọba, tó sì gba ìjọba. Glaucon ní bí irú òrùka bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ méjì, kí a fi ọ̀kan fún olódodo, kí a fi èkejì fún ìkà, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì máa rán an. Ìbẹ̀rù ló ń mú wa ṣe rere, ó parí. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó fẹ́ kí Socrates já ọ̀rọ̀ náà ní koro fún òun ni. Ó sì gba Socrates ní odidi ìyókù ìwé náà, ìwé tí kò kéré rárá, kó tó dá a lóhùn tán pé ẹni tó ń ṣe ibi ti da ọkàn ara rẹ̀ rú, wọ́n rí i o, wọn ò rí i o.

Mo gba ọ̀rọ̀ Socrates. Síbẹ̀ ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn: nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ẹni tó wọ òrùka ni wọ́n ń sọ ṣáá, ọkàn rẹ̀, èrè rẹ̀, ìyà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jà lólè kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìdáhùn tiwa nílé kò yàtọ̀ púpọ̀. Ohun tí à ń sọ fún ọmọdé ni pé wọ́n ń wò ọ́. Àwọn baba wa ní ààlè. Bí ènìyàn bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá oko, tí kò lè rù ú tán lọ́jọ́ kan, á so àkísà mọ́ ọn, tàbí kó fi ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń kọjá á mọ̀ pé igi náà ní olówó, á sì mọ̀ pé bí ìkarahun yẹn ṣe ṣófo ni ilé olè ṣe lè ṣófo. Ní Èkó, ààlè ti pààrọ̀ aṣọ. Rìn láti Ìlasamájà dé Òkòta, wàá rí i lára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí a ṣọ́ra fún 419. (Mo máa ń rò pé ọmọ bíbí inú ẹni ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ ń bá wí, torí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.) Abala kan nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa ni 419 yẹn fúnra rẹ̀, abala tó sọ̀rọ̀ nípa jìbìtì, ó wá di orúkọ iṣẹ́. Bí a bá kúrò lára ògiri, kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá, ajá wà, mẹ́gádì wà. Lórí gbogbo rẹ̀, Ọlọ́run wà, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹnikẹ́ni.

N kò sọ pé Ọlọ́run kò rí wa o. Ìyá mi máa ka àròkọ yìí. Ṣùgbọ́n bí ojú tó ń wo ènìyàn bá tó láti mú un ṣe rere, bàtà kò ní máa sọnù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, fóònù kò sì ní máa pòórá nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìsọjí. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rán wa létí jù pé ojú kan ń wò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ẹ ó rántí pé wọ́n ti pààrọ̀ owó bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Tuntun kò kárí, àtijọ́ kò ṣeé ná mọ́. Ènìyàn lè ní owó ní báńkì kó má rí ₦200 wọkọ̀. Gbogbo ọjà wá di orí fóònù. Ìyá mi ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, gàárì àti epo nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsọlọ̀, èmi ni mo sì máa ń bá a jókòó níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin kan wọlé ní Sátidé kan. Mi ò lè fún un ju ogún ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mummy." Inú ìyá mi dùn, ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nìyí. Ó ra ìrẹsì kóńgò mẹ́wàá àti epo, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦17,500. Ó tẹ fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, alert sì dún lórí fóònù ìyá mi. Orúkọ báńkì wà níbẹ̀, iye owó pé. Èmi ni mo bá a di àpò náà lẹ́nu. Ó gbàdúrà fún wa kó tó lọ, ó ní ọjà Mummy á máa tà. Ó di alẹ́ kí ìyá mi tó wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ayédèrú ni alert náà. Owó kankan kò wọlé.

Àwìn ló ti kó ìrẹsì yẹn ní Dálékò. Kò sunkún. Ó mú bírò, ó kọ ₦17,500 sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lára nǹkan: owó àjọ, owó bàtà àbúrò mi, owó ẹran. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà wá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ márààrún náà, mò ń wá ojú ọmọkùnrin yẹn kiri ní Cele, ní Òṣòdì, nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo bá wọ̀. Bí mo bá rí i lónìí, màá dá a mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Glaucon ti kọ́kọ́ rú mi lójú nìyí. Ọmọkùnrin yẹn kò ní òrùka. Kò pe ọfọ̀ kankan. Iná ṣọ́ọ̀bù ń tàn sí i lójú, èmi àti ìyá mi sì ń wò ó. A rí i dáadáa. Ẹni tí wọn kò rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìyá mi ni. Ọmọkùnrin náà wo ibi tó jókòó sí, ó rí ìrẹsì, ó rí fóònù, ó rí Mummy. Kò rí obìnrin tó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí lọ sí Dálékò, tó fi orí ara rẹ̀ ru ẹrù dé ìdíkọ̀ kó má baà san owó alábàárù. Mummy tó ń pè é yẹn gan-an ni ọfọ̀ rẹ̀. Gbogbo obìnrin tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Èkó ni Mummy. Orúkọ tó bo gbogbo ènìyàn kì í fi ẹnì kan hàn. Mo wá ń rò ó pé àfẹ́ẹ̀rí tí olè ń lò, ara rẹ̀ kọ́ ló fi ń bò. Ẹlòmíràn ló fi ń bò.

Èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí Plato tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú ni ìtìjú ń gbé: bí mo bá ṣe ohun tí kò dára, ojú ló ń tì mí. Ojú náà ni àánú ń gbé, torí àwọn àgbà ní ojú ló ń rójú ṣàánú. Àmọ́ ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà kọjá yàtọ̀ síra. Ojú máa ń tì mí nígbà tí o bá rí mi. Àánú rẹ máa ń ṣe mí nígbà tí mo bá rí ọ. Ààlè, kámẹ́rà àti ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nǹkan sí, ìtìjú àti ìbẹ̀rù ni gbogbo wọn gbójú lé, àfẹ́ẹ̀rí sì lè pa àwọn yẹn. Kò lè pa àánú. Bí mo bá pòórá débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi mọ́, mo ṣì ń rí ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé bóyá ebi ló ń pa á. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù yẹn, mo rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún lórí ìlà níwájú báńkì, ebi kì í sì wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. (Kóńgò mẹ́wàá pọ̀ jù fún ebi ẹnì kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ní àbúrò nílé.) Ìwé àwìn ìyá mi wà lórí tábìlì nígbà tí ọmọkùnrin náà wọlé. Orúkọ ogún ènìyàn ó lé ló wà níbẹ̀ fún oṣù yẹn nìkan. Bó bá sọ pé òun ò rí jẹ, ìyá mi á wọn kóńgò méjì fún un, á sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣeé ṣe fún un láti sọ ọ́ ni, torí ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó fẹ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ralph Ellison, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde ní 1952 tó pè ní Invisible Man, ìyẹn ọkùnrin tí wọn kò rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àkọlé rẹ̀, mo rò pé ìtàn oògùn ni, mo sì sáré mú un. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ọkùnrin dúdú tó ń sọ ìtàn náà ní ẹran ara àti egungun bíi tiwa. Àwọn tó yí i ká ni kò fẹ́ rí i. Wọ́n á wò ó, wọ́n á rí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n á rí ohun tí wọ́n lè fi í ṣe, wọn ò ní rí òun. Ó sọ̀rọ̀ títí ìwé fi parí, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó wù mí kí Glaucon ka ìwé yẹn. Ìtàn tirẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó fi ara pamọ́ kó lè ṣe ibi. Ti Ellison jẹ́ ti ẹni tí àwọn mìíràn fi pamọ́ kí wọ́n lè ṣe é níbi. Lójú tèmi, èkejì yẹn ló wọ́pọ̀ jù láyé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ èrò yìí fún kò gbà. Ó ní ọ̀pọ̀ ìkà ló ń wo ẹni tí wọ́n ń ṣe níkà lójú korokoro. Ó ní kí n rántí Ẹfúnṣetán Aníwúrà nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ojoojúmọ́ ni Ìyálóde ń rí Adétutù ẹrú rẹ̀. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Síbẹ̀, nítorí pé ó lóyún, ó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ta ló bo Adétutù mọ́ ọn lójú? Ọ̀rọ̀ náà le, mo sì fi ọjọ́ méjì gbé e rò. Ohun tí mo rí ni pé Ìṣọ̀lá kò fi obìnrin náà hàn wá bí ẹni tí a bí ìkà mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní, ibi ìrọbí ló kú sí. Bó bá wo oyún Adétutù, ọ̀fọ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó fi bo ọmọbìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀: ẹrú. Ẹrú, Mummy, ìjọba, àwọn olówó. Aṣọ ìbora kan náà ni gbogbo wọn, kíláàsì wa sì fi èyí tó fẹ̀ jù lára wọn bo gbogbo ẹni tó fowó sí báńkì nígbà tí a ní kò sẹ́ni tó ni ín.

Síbẹ̀ mo fi ibì kan sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Ẹni kan wà tó máa rí ọ kedere, tó máa mọ orúkọ rẹ àti orúkọ ìyá rẹ, tó ṣì máa ṣe ọ́ níbi, tí yóò sì sùn dáadáa. Èrò tèmi kò ní oògùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí tirẹ̀ la ṣe ní ọlọ́pàá. Àwa yòókù ni mò ń sọ, àwa tí a kò burú jù tí a kò sì dára jù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìdánwò, nítorí òun ló sún mọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù. Láti 1999 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà lórí jíjí ìwé wò, pẹ̀lú owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n. Gbogbo gbọ̀ngàn ìdánwò ló ní ẹni tó ń ṣọ́ wa. Síbẹ̀ bí ẹnì kan bá ní òun ní expo, ojú gbogbo kíláàsì á là. Mo ti gbọ́ àwọn ọmọ dáadáa, àwọn tí kò lè mú ₦50 tí kì í ṣe tiwọn lórí tábìlì, tí wọ́n ń sọ pé expo kò pa ẹnikẹ́ni lára. Wọn kò purọ́. Wọn kò rí ẹni tó pa lára ni. Ọmọ náà lè wà ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Òwò, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ìyá rẹ̀ kàwé, ó gba máàkì tirẹ̀ pẹ̀lú òógùn ojú, ó sì fi máàkì kékeré pàdánù àyè tí ọmọ oníjìbìtì gbà ní yunifásítì. Àyè ní yunifásítì ní iye. Ẹni tó bá gba ọ̀kan, ó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí wọ́n bá mú ọmọ yẹn wá sí iwájú kíláàsì wa, tí wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ ra expo dìde kó wò ó lójú kó tó san owó, mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní lè dìde.

Ibi tí mo ti ń rí àfẹ́ẹ̀rí lójoojúmọ́ ni Òṣòdì. Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá ibẹ̀ ní 2019, àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì BRT sì ń fi káàdì san owó, káàdì kì í wá ṣẹ́ńjì. Ṣùgbọ́n dánfó ni mo sábà máa ń wọ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó kì í sì í ní ṣẹ́ńjì láé. Á na ₦500 kan sí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí, á ní, "Ìwọ àti àǹtí yìí, ₦250 ₦250, ẹ lọ ṣẹ́ ẹ." Kí ẹ tó lanu, ọkọ̀ ti lọ. Ẹni tí owó náà bọ́ sí lọ́wọ́ ti ní àfẹ́ẹ̀rí wàyí. Bó bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta péré, èrò ti gbé e mì. Kò sí kámẹ́rà, kò sí ààlè, kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Bí Glaucon bá tọ̀nà, kò yẹ kí ẹni kejì rí owó rẹ̀ gbà rí.

Láàárín ọdún méjì tí mo ti ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ àfikún ní ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ti so mí pọ̀ mọ́ àjèjì ju ogún ìgbà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé owó mi sá. Èyí kì í ṣe ìwádìí yunifásítì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí léèrè tábìlì àti àwòrán. Ohun tí mo kàn kíyè sí ni pé àwọn méjèèjì tó sá kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń wo fóònù. Èkejì kọ ẹ̀yìn sí mi kí ọkọ̀ tó dúró. Àwọn yòókù, a máa ń ti sọ nǹkan kan fún ara wa kí a tó bọ́ sílẹ̀, kódà bó jẹ́ pé a kàn bú kọ̀ńdọ́kítọ̀ náà pọ̀ ni. Obìnrin kan wà tó gbé agbọ̀n tòmátì sórí, owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. A béèrè ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ ẹni márùn-ún, kò sí. Ẹrù náà ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo rí i. Mo ní kó máa lọ. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé wàá fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé yín ni?" Ó ra ẹ̀pà sísè ₦100 kí wọ́n lè fún un ní ṣẹ́ńjì, ó fún mi ní ₦250 mi, ó tún bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Owó ẹ̀pà náà, òun nìkan ló san án.

Ìyá bàbá mi dàgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkirè. Ó sọ fún mi pé nígbà èwe òun, ẹni tó bá ní iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti tà, tí kò sì ráyè jókòó tì í, á tò ó sẹ́bàá ọ̀nà, á fi òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀. Òkúta mẹ́ta, kọ́bọ̀ mẹ́ta. Á wá gba oko lọ. Ẹni tó bá ń kọjá tí ó fẹ́ rà á á ka òkúta, á fi owó sílẹ̀, á gbé iṣu. Mo bi í pé ṣé wọn kì í jí i ni. Ó ní, "Wọ́n á jí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa náà á tún tò ó lọ́jọ́ kejì."

Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, wọ́n ní abúlé kékeré ni, gbogbo wọn ló mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni wọ́n tò ó sí, àjèjì ló sì ń gba ọ̀nà kọjá. Mo ti fi òkúta yẹn wé ààlè lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọkàn mi. Ààlè ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé, mo rí ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ń sọ pé, rí mi. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbí, ó ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó ro iye tí agbára rẹ máa ká, ó fọkàn tán ọ, ó lọ. Bí o bá wọ àfẹ́ẹ̀rí wá síwájú òkúta mẹ́ta náà, kò yí nǹkan kan padà, torí olówó wọn kò fìgbà kan gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí pé òun máa rí ọ. Kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó hàn ju ìyá mi tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Kò sí bí a ṣe lè to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà ní Ìsọlọ̀ lónìí. Wọ́n á kó iṣu, wọ́n á kó òkúta mọ́ ọn. Ìyá mi pàápàá ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń fi ohùn kéde bí owó bá wọlé. Ààlè tiwa nìyẹn, n kò sì bú u. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í pẹ́ dákú ní àdúgbò wa. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan, ìyá mi á ní, "Ẹ má bínú, kí lorúkọ yín?" Á sọ tirẹ̀ náà fún wọn, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, yàtọ̀ sí Ìyá Onírẹsì tí gbogbo àdúgbò ń pè é. Á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì jẹ́ kí wọ́n gbé ọjà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò bọ́gbọ́n mu lẹ́yìn ohun tí ojú wa ti rí. Mo ka ìwé náà lálẹ́ àná. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀ láti oṣù kìíní, ó ku mẹ́rin tí a kò tíì fa ìlà sí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà yà ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti sọ pé owó òun kò tíì pé. Ó fi ₦500 sílẹ̀, ó sì ra sáṣẹ́ẹ̀tì òróró kan.